Ìlà Tí Fátókun Fà Yí Ọmọ Àwẹ̀ró Ká

Òwe kan wà tí àwọn ará Agbédè máa ń pa, tí àlejò á fi máa wo ẹnu wọn: "A kì í fa ìlà yí ọmọ ká láì béèrè ẹni tó dì í lọ́wọ́ mú." Àlejò a ní, ìlà wo? Ìlà ojú ni àbí ààlà oko? Ọkùnrin kan tilẹ̀ jókòó tì mí rí, ó ń ṣàlàyé pé àwọn olóólà ló ni òwe náà, torí ọmọ tí wọ́n bá ń kọ nílà gbọ́dọ̀ rí ẹni dì í mú. Irọ́ tó dùn ni, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Ṣọ́ọ̀bù oníṣítíkà kan ní Agbédè ni òwe yìí ti jáde.

Fátókun ni orúkọ oníṣẹ́ náà. Òun àti Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe é. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n gé àwòrán yọ lórí páálí kó lè dá dúró bí èèyàn, ìbáà ṣe ti pásítọ̀ tàbí ti ajá rẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Á gbé àwòrán náà sínú kọ̀ǹpútà, á wá máa fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí i ká, láti orí dé ẹsẹ̀, títí ìlà á fi pàdé ara rẹ̀. Ìlà yẹn ni ọ̀bẹ inú ẹ̀rọ ń tọ̀. Ọ̀bẹ ò mojú, kò mọmú. Ibi tí ìlà bá yà sí ló ń yà sí.

Ọwọ́ Fátókun mọ́, ẹnu rẹ̀ náà ò sì gbẹ́yìn. "Bí mo bá fa ìlà yí irun orí ká," á ní, "iná orí gan-an á mọ ibi tí ààlà òun dé."

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró ti abúlé wá. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, ó mú fọ́tò kan jáde: ọmọdébìnrin méjì tó wọ aṣọ kan náà, tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú.

"Ẹ bá mi gé e kó lè dúró, ọ̀gá. Mo fẹ́ gbé e sídìí ẹ̀wà tí mo fẹ́ sè. Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín."

Fátókun nawọ́ dá a dúró. "Ìyá, ẹ má ṣèyọnu. Ojú ni mo fi ń gbọ́rọ̀ níbí. Ẹ máa lọ, ẹ padà wá lọ́la."

Nígbà tó gbé fọ́tò náà sójú kọ̀ǹpútà, tó fẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìbídùn, wá wo iṣẹ́ ayàwòrán abúlé! Ó tẹ ọmọ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì!"

Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Bàbá Jọláadé, ó jọ pé ìbejì ni wọ́n o."

"Ìbejì wo? Wo àpá orúnkún yìí. Òun náà rèé lára èkejì. Wo bọ́tìnnì tó já. Òun náà rèé. Ìbejì á jọra, bọ́tìnnì wọn náà á tún jọ já?"

"Ṣé ká kúkú pe ìyá náà, ká béèrè? Mo ní nọ́ńbà rẹ̀."

"Aláìmọ̀ṣẹ́ ní ń béèrè. Èmi á tún un ṣe fún un, orí rẹ̀ á wú."

Ni Fátókun bá mú èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, tí ìmọ́lẹ̀ bá lójú jù, ó fa ìlà yí i ká. Nígbà tó dé ibi tí ọwọ́ méjì ti so pọ̀, ó fa ìlà náà gba ọrùn ọwọ́ kọjá. Ẹ̀rọ gé e, Fátókun wá lẹ ṣítíkà òdòdó pupa kan bo ojú ibi tí ọwọ́ ti gé. Ọ̀kan dúró lórí tábìlì bí ọmọ aláyé; èkejì bá àjákù páálí lọ sẹ́yìnkùlé.

Lọ́jọ́ kejì, Àwẹ̀ró dé, ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọdébìnrin tó wà nínú fọ́tò, àpá orúnkún rẹ̀ ò tíì tán. Fátókun ṣí aṣọ lójú iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín.

Ẹ̀rín náà ò dé etí. Àwẹ̀ró dúró bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀. Ó wo òdòdó yẹn. Ó wo Fátókun.

"Èkejì dà?"

"Ìyá, ayàwòrán yín ló ṣe àṣìṣe, ó tẹ̀ ẹ́ ní—"

"Kò ṣàṣìṣe! Èmi ni mo ní kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì! Táyé ti rìnrìn-àjò. Kò dúró ya fọ́tò. Kẹ́hìndé ni wọ́n yà, kó dúró fún ara rẹ̀, kó tún dúró fún ìkejì rẹ̀, kí wọ́n má bàa pínyà."

Ìbídùn gbá àyà mú. Ní ilẹ̀ wa, a kì í sọ pé ìbejì kú, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan, a ó ṣe fún èkejì, kí èyí tó lọ má bàa wá pe èyí tó kù.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni Táyé dúró sí," ni Àwẹ̀ró ń wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Èyí tí ẹ gé sórí tábìlì yìí, Táyé ni. Èyí tí ẹ jù nù, Kẹ́hìndé tí ẹ rí tó dúró níwájú yín yìí ni."

Kẹ́hìndé gbójú sókè. "Màámi, wọ́n ti jù mí nù?"

Fátókun sáré gba ẹ̀yìnkùlé, kò dúró wọ bàtà. Iná ni ó bá. Ìbídùn ti dáná sun àjákù àná láàárọ̀ yẹn. Ẹsẹ̀ kan àti ìdajì ojú ló kù tó ń ká lọ nínú eérú. Ìyá ọmọ tẹ̀ lé e dé ibẹ̀, ó rí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo Kẹ́hìndé lójú, ó fà á mọ́ra bí ẹni pé ẹnìkan fẹ́ já a gbà.

Fátókun dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eérú.

"Dìde," ni Àwẹ̀ró wí. "Lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ. Fà á lójú mi."

Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ ìlà náà láti orí Táyé. Nígbà tó dé ibi tí àwọn ọmọ ti dira wọn mú, ó dúró, ó béèrè. Ìbídùn ní òun ò gbọ́ ọ kó béèrè lọ́wọ́ oníbàárà rí.

"Ìyá, ibo ni kí n gbà?"

"Yí àwọn méjèèjì ká. Má jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá láàárín wọn."

Nígbà tó parí, Ìbídùn fẹ́ gbé èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gé kúrò lójú ìyá náà. Àwẹ̀ró gbà á. "Mi ò ní fi ọmọ mi sílẹ̀ nílé onílé." Ó já òdòdó yẹn kúrò lára rẹ̀, ó fi ọ̀já pọn páálí náà sẹ́yìn, ó ru èyí tí ọmọ méjì wà sórí, ó na ọwọ́ sí Kẹ́hìndé. Gbogbo èrò ọ̀nà ibùdókọ̀ yà fún wọn títí wọ́n fi kọjá.

Láti ìgbà náà, kò sí àwòrán tí ẹ máa gbé dé iwájú Fátókun tí kò ní béèrè. Ọkùnrin kan gbé ti òbúkọ rẹ̀ wá, Fátókun ní, "Ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?" Ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Fátókun ò rín.

Nítorí náà, bí ẹbí bá jókòó tí wọ́n fẹ́ yọ ẹnìkan kúrò nílé, tí ọwọ́ ti ń yá wọn, tí àgbà kan wá wúkọ́ tó ní, "Ẹ rọra o. A kì í fa ìlà yí ọmọ ká láì béèrè ẹni tó dì í lọ́wọ́ mú," ẹ ti mọ ohun tó ń wí.