Ọ̀ganwó Tí Àtíòro Ń Gbé

"Bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò." Kí ló kan ara ẹni nínú igi gígé? Igi kì í ké, igi kì í bẹ̀bẹ̀. Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já, kó di ẹnìkejì rẹ̀ mú.

Agégi kan wà tó ń jẹ́ Akínmọládùn. Ẹnu rẹ̀ mú ju àáké rẹ̀ lọ. Ó ní ibi tí òun bá nawọ́ sí ni igi ń wó sí. Mọjirádé, ìyàwó rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, òun àti ìkókó sì wà nínú ahéré wọn létí igbó àgbà. Akínmọládùn fẹ́ gé ọ̀ganwó kan níbẹ̀, kó fi ṣe ilẹ̀kùn ilé tuntun ṣáájú ìkómọ.

Àṣà àwọn agégi ni láti kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn àáké kan igi ńlá, kí wọ́n fetí lé e. Bí nǹkan bá mira nínú rẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀. Ògúnṣakin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kan ọ̀ganwó náà. Nǹkan mira.

"Àbúrò, fi èyí sílẹ̀. Abo àtíòro ló fi amọ̀ dí ara ẹ̀ mọ́ inú ihò yẹn pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹyẹ kọ́ ni? Kó fò lọ."

"Ìyẹ́ ẹ̀ ti re. Ibo ló fẹ́ gbà? Àlàfo tóóró ni ọkọ ẹ̀ fi ń fún un lóúnjẹ."

"Èmi ò lè torí ẹyẹ gbé ilé tí ò nílẹ̀kùn."

Ògúnṣakin kọ́ àáké rẹ̀ léjìká, ó bá tirẹ̀ lọ. Akínmọládùn gé e. Ọ̀ganwó wó síbi tó nawọ́ sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbá igi àfọ̀n kan lọ́nà, àfọ̀n sì wó lu ahéré.

Akínmọládùn sáré débẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ti dí pátápátá. Ó gbé àáké sókè.

"Olówó orí mi, ẹ má gé e!" Mọjirádé ké láti inú òkùnkùn. "Orí ọmọ wà lábẹ́ ibẹ̀!"

Àáké bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ògiri sán níbì kan. Ó tiwọ́ bọ̀ ọ́, ìyàwó rẹ̀ dì í mú, ṣùgbọ́n àlàfo náà tóóró, kò lè fà á jáde. Ibẹ̀ ló ti ń fi ewé rọ omi sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu títí ará abúlé fi dé. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń kó ẹ̀ka kúrò, wọ́n ń kánjú, nítorí ìkókó ò sunkún mọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé e jáde, ó sín. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún.

Ṣùgbọ́n abo àtíòro àti àwọn ọmọ rẹ̀ ò yọ láàyè. Akọ rẹ̀ ṣì ń gbé èso há ẹnu, ó ń fò yí ọ̀ganwó tó wó ká, ó ń wá ojú ihò.

Láti ọjọ́ náà, àáké ò wọ igbó àgbà mọ́. Bí ọ̀dọ́ agégi kan bá sì ní ẹyẹ lásán ló wà nínú igi, Akínmọládùn á ní: "Bí a bá ń gé igi nígbó, ọmọ mi, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò."