Ìdí Tí Àkókó Fi Ń Kan Gbogbo Igi Tó Bá Rí

Nígbà láéláé, ẹnu ẹyẹ àkókó rọ̀ bí ẹnu àdàbà. Èso pípọ́n ló ń jẹ. Kò ní ohun tó ń bá igi ṣe ju kí ó bà lé e lọ.

Nígbà náà, àwọn ẹranko etí odò ńlá kan dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà ní ọkọ̀ ojú omi méje tí gbogbo wọn fi ń sọdá lọ sí oko. Ìmàdò ni olórí wọn. Ọ̀bọ ni wọ́n fi ìtọ́jú ọkọ̀ lé lọ́wọ́.

Iṣẹ́ Ọ̀bọ ni láti máa pààrọ̀ pákó tó bá jẹrà, kí ó sì máa dí ibi tó bá ń jò. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni Ọ̀bọ. Ó rí i pé kò sẹ́ni tó ń wo abẹ́ ọkọ̀. Epo pupa ló ń fi pa wọ́n lára títí wọ́n á fi máa dán. Èyí tó bá ti dán, á fi ẹfun fa ilà kan sára ògiri ilé ìpàdé nítorí rẹ̀.

Tí wọ́n bá pé jọ, Ìmàdò á ka ilà.

"Méje nínú méje! Ẹgbẹ́ wo ló tún ń tọ́jú nǹkan bíi tiwa?"

Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Wọ́n tilẹ̀ fi Ọ̀bọ joyè. Ta ni yóò wá máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, nígbà tí ògiri ti sọ̀rọ̀?

Lọ́jọ́ kan, Àkókó bà sétí ọkọ̀ tó tóbi jù, ó fi ẹnu kàn án. Ó dún pù, bí igbá tí kòkòrò ti jẹ. Ẹ̀rù bà á. Ó fò lọ bá Ìmàdò àti Ọ̀bọ nílé ìpàdé.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá. Ọkọ̀ ńlá yẹn ti jẹrà nínú."

Ìmàdò nawọ́ sí ògiri. "Ilà mélòó lo rí níbẹ̀ yẹn?"

"Méje ni, Bàbá, ṣùgbọ́n..."

"Èwo nínú wọn ló wá jẹrà?"

Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín. "Ẹ má dá a lóhùn. Ẹni tí kò wọ ọkọ̀ rí ló mọ̀ ọ́n jù."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Ehoro kó ọmọ mẹ́ta wá láti fi ọkọ̀ ńlá náà sọdá.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wọ̀ ọ́, Ìyá," Àkókó bẹ̀ ẹ́.

"Ebi ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí, ọmọ mi. Ẹgbẹ́ ṣáà ní ó dára."

Kí ojú lè ti Àkókó, Ìmàdò náà wọkọ̀, tòun ti gbogbo ọ̀rá ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ sísàlẹ̀ ọkọ̀. Ọkọ̀ là sí méjì. Ilà méje ṣì wà lára ògiri, èyíkéyìí nínú wọn kò sì wá yọ ẹnikẹ́ni.

Ìmàdò wẹ̀ dé èbúté. Ìyá Ehoro gbá ọmọ méjì mú. Omi gbé ẹ̀kẹta lọ.

"Omi gbọ́mọ mi o!"

Àkókó fò tẹ̀ lé ọmọ náà. Ó rí ẹ̀ka igi kan tó tẹ̀ bo omi, ó kàn án: pù. Ó kan òmíràn: pù. Ó kan ẹ̀kẹta: kó!

"Òun nìyí! Di èyí mú!"

Ọmọ náà dì í mú. Ẹ̀ka náà kò ṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n wá Ọ̀bọ, ó ti wà lókè igi. Ibẹ̀ ló ṣì wà dòní.

Ìmàdò, tí omi ṣì ń ro lára rẹ̀, ní kí Àkókó kan ọkọ̀ mẹ́fà tó kù. Àkókó kan pákó kọ̀ọ̀kan, lókè àti nísàlẹ̀, títí ẹnu rẹ̀ fi le bí irin. Ẹyọ ọkọ̀ kan ṣoṣo ló dún kó. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Láti ọjọ́ náà ni àkókó kò ti gba ohun tí ojú rí lára igi gbọ́ mọ́. Á kàn án, kó kó kó, á sì fetí sílẹ̀. Èyí tó bá dún pù, kò ní pe ìpàdé lé e lórí. Á dá a lu, á sì yọ kòkòrò inú rẹ̀ jẹ.