Apá Ẹlẹ́dẹ̀ Oyèníran

Bí ẹnikẹ́ni bá ní òun mọ ẹran yan, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ọwọ́ rẹ̀ lè sinmi. Ti Oyèníran ò lè sinmi. Mopélọ́lá, ìyàwó rẹ̀, kì í tíì gbé ìkòkò kaná tí ọkọ yóò ti máa pariwo oúnjẹ. Ó sú obìnrin náà, ó gbé àpótí rẹ̀ lọ sílé ìyá rẹ̀.

Nígbà tí ilé dá páropáro, Oyèníran ra odindi apá ẹlẹ́dẹ̀, ẹran tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn jù. Ó gbé e sínú àgbá tí wọ́n fi ń yan ẹran, ó dá iná eléèéfín sí i nídìí, ó ní kí wọ́n bá òun pe ìyàwó òun wá jẹun. Ṣùgbọ́n ó ń ṣí ọmọrí àgbá wò ṣáá, ó sì ń ki igi sínú iná. Mopélọ́lá dé, ó bá ẹran tí ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, tí inú rẹ̀ ò tíì jinná. Ọkọ ní òun fẹ́ fà á ya. Ẹran ò ya. Òun ló fìdí jókòó sínú eérú.

Mopélọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Olówó orí mi, ṣé ẹ̀ ń bá a jà ni? Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko bí ojú ẹja."

Ó fa igi jáde, ó ṣẹ́ ẹyin iná díẹ̀ kù, ó fi ọmọrí dé àgbá, ó jókòó tì í. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, ẹran ń tú lọ́wọ́ wọn bí òwú.

Oyèníran nu ẹnu. "Ṣé kí n lọ gbé àpótí rẹ wá báyìí?"

Obìnrin náà tún bu ẹran sẹ́nu. "Ẹ fara balẹ̀. Ẹran ló jinná; ẹ̀yin ṣì wà lórí iná."