Ọjọ́ Tí Olè De Olóko Mọ́ Ẹ̀yìn

"Àìtètè mólè, olè ń mólóko." Háà! Ta ló rí olè tó mú olóko rí? Ṣebí olè ló yẹ kó máa sá! Ẹ fetí sílẹ̀: ó ṣẹlẹ̀ ní abà Ìdí-Osè, lọ́sàn-án gangan.

Ọ̀jẹ̀lábí, olóko iṣu, gbà pé kò sí ẹni tó le tó òun. Nọ́ọ̀sì tó ń yí abà ká so ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ti ru gan-an. Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ fi tábà sílẹ̀, ẹ máa lo oògùn yìí lójoojúmọ́, kí àrùn rọpárọsẹ̀ má baà gbé yín ṣánlẹ̀."

"Ibo ló ń dùn mí?" Ọ̀jẹ̀lábí bú sẹ́rìn-ín, ó sọ oògùn sájà. Ọbẹ̀ tí kò tíì tọ́ wò pàápàá, iyọ̀ ló kọ́kọ́ ń bù sí i.

Ọ̀rọ̀ Ọdẹ́tóyè, tó ń jí iṣu rẹ̀ wà, ló gbà á lọ́kàn. Ó ti dá a mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Bàbá Fọlá, ẹ mú un kó tán," ni Àsàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ wí.

"Rárá o! Jẹ́ kó wa èyí tó pọ̀, kó lè rù ú yí gbogbo ọjà ká!" Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún olè níbẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, orí ń fọ́ Ọ̀jẹ̀lábí láti àárọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kú tipiri, kò sọ fún ẹnì kan. Ó lúgọ sẹ́yìn ebè. Ọdẹ́tóyè gun ọ̀kadà dé, ó wa ogún iṣu, ó dì í. Inú Ọ̀jẹ̀lábí dùn dé góńgó! Ó fò jáde, ó fẹ́ kígbe pé, "Ọwọ́ tẹ̀ ọ́!" Ọ̀rọ̀ kọ̀, kò já gaara. Ẹnu ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ṣubú gbì.

Ọdẹ́tóyè ì bá sá. Ṣùgbọ́n irú èyí ló pa bàbá tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ní kó sùn díẹ̀ ná.

"Bàbá, ẹ má kú mọ́ mi lọ́wọ́ o!" Ó da iṣu nù, ó gbé olóko sórí ọ̀kadà, ó fi okùn iṣu dè é mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó forí lé ilé ìwòsàn. Wọ́n gba àárín ọjà kọjá fìn-ìn.

"Ẹ wá wò ó o! Olè ti mú olóko!" ni àwọn ọlọ́jà tó mọ ìwà Ọdẹ́tóyè ń kígbe.

Eré yẹn ló dá ẹ̀mí Ọ̀jẹ̀lábí sí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kò padà sípò. Kò kọ ebè mọ́ láéláé. Nígbà tí Ọdẹ́tóyè wá dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì, omi bọ́ lójú bàbá.

"Dìde, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ lolè tó mú mi. Inú ẹ̀jẹ̀ mi lolè yẹn wà. Nọ́ọ̀sì fi í hàn mí, mo ní kó dúró ná."

Ó fi ẹnu tó wọ́ náà sọ ọ́ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: àìtètè mólè, olè ń mólóko.