Àwẹ̀ró Amọ̀nà àti Ihò Méje Orí Àpáta

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn, n ò gbọ́ yín. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ṣeun. Ààlọ́ mi rìn, ó gun òkè, ó bà lé Àwẹ̀ró, amọ̀nà ìlú Ìdí-Àpáta. Bí mo bá dárin, ẹ máa gbè é pé "Àpáta ń gbọ́."

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko jọ ń sọ̀rọ̀, àwọn àlejò máa ń wá wo nǹkan àtijọ́ ní Ìdí-Àpáta. Wọ́n ń wo odi tó ti wó. Wọ́n ń wo àgbàlá tí wọ́n fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́. Wọ́n ń wo ihò méje orí àpáta, tí wọ́n jin wọnú bí àwo ọbẹ̀. Àwẹ̀ró ló ń mú wọn káàkiri. Ìyá rẹ̀ ló fi iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́ kó tó kú, kò sì sí ohun tí Àwẹ̀ró fẹ́ràn tó o.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń jowú rẹ̀. Ó lọ bá ọba.

"Kábíyèsí, Àwẹ̀ró máa ń sọ fún àlejò pé òun ò mọ̀! Ṣé amọ̀nà nìyẹn? Èmi mọ gbogbo ẹ̀."

Ọba ní, "Àlejò ń bọ̀ lọ́la. Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ mú wọn lọ. Ẹni tí wọ́n bá gbà gbọ́ ló ni iṣẹ́."

Ó dun Àwẹ̀ró wọnú eegun, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò bà á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bu omi fún àwọn àlejò, wọ́n mu ún, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gun òkè. Adépèlé, ìyá arúgbó tó ń tẹ̀pá, ló ṣáájú wọn. Àwẹ̀ró dárin tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ:

Ẹ wá wò ó, ẹ wá wò ó o!
*Àpáta ń gbọ́.*
Ohun tí mo mọ̀ ni mo ń sọ.
*Àpáta ń gbọ́.*
Ohun tí n ò mọ̀, n ò ní sọ.
*Àpáta ń gbọ́.*

Wọ́n dé ibi odi. Adépèlé béèrè, "Ta ló mọ odi yìí?"

Àwẹ̀ró ní, "Àwọn baba ńlá wa ni, ìyá. Ogun ni wọ́n fi ń dènà."

"Irọ́!" ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Erin ló fi ọwọ́jà mọ ọ́n!" Àwọn àlejò lanu.

Wọ́n dé àgbàlá. "Ta ló tò ó?"

"Àwọn amọ̀kòkò ni, ìyá. Ìkòkò tó bá fọ́, wọn kì í dà á nù."

"Irọ́! Òjò ló rọ̀ ọ́ sílẹ̀!" Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín, àbí? Bẹ́ẹ̀ ni irọ́ ṣe ń dùn.

Wọ́n dé ibi ihò méje. "Kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe?"

Irọ́ kékeré kan ti dé orí ahọ́n Àwẹ̀ró. Ó gbé e mì.

"Ìyá, n ò mọ̀. Ìyá mi ò mọ̀. Ìyá tó bí ìyá mi náà ò mọ̀."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fò sókè. "Èmi mọ̀ ọ́n! Ojú ẹsẹ̀ òmìrán ni!"

Adépèlé gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bu omi sínú ihò kan, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó ń tì wọ́n síwájú, ó ń fà wọ́n sẹ́yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin:

Ìyàwó ń lọ ilé ọkọ o!
*Àpáta ń gbọ́.*
Ẹ bá mi lọ osùn fún un.
*Àpáta ń gbọ́.*

Kí Àwẹ̀ró tó mọ̀, òun ló ń gbè é.

Adépèlé nu ojú. "Osùn ìyàwó ni wọ́n ń lọ níbí. Ìyá ìyá mi lọ̀ ọ́ níbí kí ogun tó kó wọn lọ. Ó ní ká padà wá wò ó. Ó ní ẹni tó bá ń ṣe bí ẹni tó mọ̀, ká má sọ fún un. Ẹni tó bá ní òun ò mọ̀, ká fi hàn án."

Àwọn àlejò yíjú sí Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó ti sá gun igi. Wọ́n ní Àwẹ̀ró ni àwọn gbà gbọ́, nígbà tí ọba sì gbọ́ lẹ́yìn náà, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un.

Kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta, Adépèlé fa ọwọ́ Àwẹ̀ró wọnú ihò. "Wá, ọmọ mi, jẹ́ n kọ́ ọ." Wọ́n jọ ń lọ omi lásán, Àwẹ̀ró ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Ó ní, "Ká ní ìyá mi wà láyé kó gbọ́ èyí!"

Ààlọ́ yìí kọ́ wa pé kí a sọ ohun tí a mọ̀, kí ojú má sì tì wá láti sọ pé a ò mọ̀, kí ẹni tó mọ̀ lè rí wa kọ́. Ibí yìí ni ààlọ́ mi já sí, tó sọ ẹrù kalẹ̀.