Ta Ló Ni Omi Àkọ́pọn?

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi dá lórí Òkété àti Àáyá. Ẹ máa ṣọ́ Òkété o. Inú àlọ́ tèmi ló wà, síbẹ̀ n kò fọkàn tán an.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá. Kànga kan ṣoṣo ló kù fún àwọn ẹranko, omi rẹ̀ sì ti jìn wọlẹ̀. Òkété bá fi ìrù ya nǹkan sórí eérú: ọ̀pá gígùn lórí igi ẹlẹ́ka méjì, akèǹgbè ní orí rẹ̀, òkúta ní ìdí rẹ̀. Ó ní bí omi yóò ṣe gòkè nìyẹn. Ó wọ ihò rẹ̀, ó sùn.

Àáyá ló gé igi. Ìgbẹ́ gbuuru ń ṣe ọmọ rẹ̀ nítorí omi ẹrẹ̀. Igi àkọ́kọ́ ṣẹ́. Èkejì wọ́. Ìgbà tó fi ọparun ṣe é ni omi gòkè.

Ní ìlú wọn, ẹni tó bá dá ohun ìfami sílẹ̀ ló ń gba omi àkọ́pọn, èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ fà láràárọ̀. Òun nìkan ló mọ́. Ẹrẹ̀ ni ìyókù. Àáyá ń gbé e lọ fún ọmọ rẹ̀ ni Òkété yọ, ó ní òun lòun ni í.

Wọ́n gbé ẹjọ́ lọ bá Ẹfọ̀n, àgbà ìlú. Òkété ní orí òun ló ti jáde, ọwọ́ lásán ni Àáyá yá òun. Àáyá ní eérú kò pọnmi rí. Ẹfọ̀n wo ojú Òkété, ojú náà kò dúró síbì kan. Ara fu ú. Ó ní kí Òkété ṣì máa gba omi náà ná. Àáyá sunkún délé.

Lọ́jọ́ kejì, Òkété gbé igbá sẹ́nu lẹ́nu ihò rẹ̀. Ẹfọ̀n dé, ó ń mí hẹlẹ, gbogbo ìlú tẹ̀ lé e.

"Òkété, ọ̀pá yẹn ti ṣẹ́ lu ọmọ Ẹkùn. Ẹkùn ń bọ̀, ó ń bèèrè ẹni tó dá a sílẹ̀."

Igbá bọ́ lọ́wọ́ Òkété.

"Baba, kì í ṣe èmi. Mo kàn yà á sórí eérú ni. Àáyá ló ṣe é."

Ẹfọ̀n rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀pá kò ṣẹ́, àlàáfíà sì ni ọmọ Ẹkùn wà.

"Ọmọ tó dáa ni ti baba, èyí tí kò dáa ni ti ìyá, àbí? Ìwọ lo fẹnu ara rẹ dájọ́. Àáyá, máa gbé omi rẹ lọ."

Ọmọ Àáyá mu omi tó mọ́, ara rẹ̀ yá. Ìtìjú lé Òkété wọ ihò, láti ọjọ́ náà ni kì í ti í jáde lọ́sàn-án.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó ro nǹkan ní ìyìn tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní dúró tì í lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, kó má pè é ní tòun. Bí mo bá parọ́, kí omi àkọ́pọn ọ̀la má kàn mí.