Ẹlẹ́dẹ̀ àti Adágún Mẹ́ta Orí Òkè

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!
Àlọ́ mi gba inú igbó kọjá, ó gun òkè, ó já lu Ẹlẹ́dẹ̀.

Ní ọdún kan, ọ̀dá dá, odò àwọn ẹranko gbẹ. Ẹlẹ́dẹ̀, Àgbọ̀nrín àti Ọ̀kẹ́rẹ́ gbéra lọ sórí òkè, níbi tí adágún mẹ́ta wà tí omi wọn mọ́ gaara. Ọ̀nà ò jìn, ṣùgbọ́n ooru mú.

Bí wọ́n ti rí adágún kìíní, Ẹlẹ́dẹ̀ sáré ṣíwájú, ó bẹ́ sómi, jàbú! Omi di ẹrẹ̀, kò ṣeé mu mọ́. Ní adágún kejì, jàbú! Ni Ọ̀kẹ́rẹ́ bá forin bẹ̀ ẹ́. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹlẹ́dẹ̀ ọ̀rẹ́ mi, rọra o,
*Omi rere!*
Òùngbẹ ń gbẹ wá lẹ́yìn rẹ,
*Omi rere!*
Jẹ́ ká mu kó o tó wẹ̀,
*Omi rere!*

Ó ku ẹyọ kan. Ọ̀fun Ẹlẹ́dẹ̀ alára ti gbẹ báyìí, torí nínú gbogbo ìwẹ̀ tó ń wẹ̀, kò rántí mumi. Òun náà ló tún kọ́kọ́ dé. Ẹsẹ̀ ń yún un. Ó wo omi, ó wẹ̀yìn, ó rí Àgbọ̀nrín tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀. Ó bá jókòó.

"Ẹ tètè o!" ló kígbe. "Ara mi ò gbà á mọ́!"

Wọ́n jọ mu àmutẹ́rùn. Ẹlẹ́dẹ̀ wá béèrè pé, "Ṣé mo lè wẹ̀ wàyí?"

Kí Àgbọ̀nrín tó dáhùn, jàbú! Ọ̀kẹ́rẹ́ ti bẹ́ sómi.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ débi omi, kó rántí ẹni tó ń bọ̀. Àlọ́ mi ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.